Òwúrọ̀ kan nínú oko mwani ní Paje: àlàyé nípa ìmọ́lẹ̀ pé, ti kábọ̀nù ni kò sí

Ní oṣù Kẹjọ tí ó kọjá, èmi àti àwọn olùkọ́ mẹ́ta tí a jọ ń kọ́ni ní kẹ́místrì àti bàọ́lọ́jì ní Abẹ́òkúta lọ sí Zanzibar fún ìsinmi, a sì san owó fún ìrìn wákàtí mẹ́ta kan tí wọ́n ń mú àlejò rìn láàárín oko ewéko òkun ní Paje, ní etíkun ìlà-oòrùn Unguja, erékùṣù tí ó tóbi jù ní Zanzibar. Mwani ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ewéko náà ní èdè Swahili, orúkọ náà ni n ó sì máa lò nínú àyẹ̀wò yìí. N kò ní dárúkọ àwọn tí ó ṣètò ìrìn náà, nítorí pé àwọn mélòó kan ni wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní etíkun kan náà, àléébù tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn tiwa sì lè wà lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé owó wa kò ṣòfò, màá sì tún san án bí mo bá padà débẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀kọ́ tí oko náà ní láti kọ́ni ni ẹni tí ó mú wa rìn fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn.

N ó kọ́kọ́ sọ èyí tí wọ́n ṣe dáadáa. Wọn kì í mú àlejò lọ sínú oko ní ìgbàkúùgbà tí ó bá wù ú. Òkun ni ó ń dá ọjọ́ fún wọn. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tí ó bá kún, òkun máa ń fà sẹ́yìn jìnnà ní Unguja ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ọ̀sà tí ó wà láàárín etíkun àti ògiri iyùn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, débi pé ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e débẹ̀ bí ó bá di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọjọ́ mélòó kan wọ̀nyí ni àwọn obìnrin tí ó ni oko fi ń gbìn, tí wọ́n fi ń tún okùn ṣe, tí wọ́n sì fi ń kórè. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ bèèrè fún ni wọ́n kọ̀ fún wa. Wọ́n ní kí a dúró di ọjọ́ mẹ́ta sí i, ó sì dùn mọ́ mi nínú pé wọn kò torí owó mú wa lọ wo omi lásán. Wọ́n tún fún wa ní bàtà rọ́bà, nítorí pé ohun ẹlẹ́gùn-ún kan wà ní ìsàlẹ̀ omi tí ó dà bí òòrẹ̀ kékeré, tí ẹ̀gún rẹ̀ kì í bọ̀rọ̀ jáde bí ó bá gún ni lẹ́sẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n fún ọ̀kan nínú wa ti ya tẹ́lẹ̀, ẹ̀gún náà sì gún un kí a tó rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ẹ yẹ bàtà yín wò dáadáa kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú wa rìn mọ ìtàn oko náà dójú àmì. Ó sọ fún wa pé ọdún 1989 ni ọ̀gbìn mwani fún títà bẹ̀rẹ̀ ní Paje àti Jambiani tí ó múlé gbè é, pé láti ilẹ̀ Philippines ni wọ́n ti kó irúgbìn rẹ̀ wá, àti pé oríṣi méjì ni wọ́n kó wá: èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní spinosum àti èyí tí wọ́n ń pè ní cottonii. Àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé owó rẹ̀ kéré sí wàhálà rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn padà sídìí ẹja pípa àti iṣẹ́ ìgbàlejò, àwọn obìnrin ni ó sì dúró ti oko. Apá tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kórè kì í ṣe fún jíjẹ ládùúgbò. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń fa èròjà kan tí ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá jáde láti inú rẹ̀, tí a ń pè ní carrageenan, wọ́n sì ń fi í mú ọṣẹ ìfọyín àti áísìkirimù ki. Ẹni tí ó bá fọ eyín rẹ̀ ní àárọ̀ yìí lè ti fi ohun tí ó ti ara mwani wá sẹ́nu láìmọ̀.

Oko náà fúnra rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Wọ́n ri èèkàn mọ́ inú iyanrìn ní ìlà-ìlà, wọ́n na okùn láti èèkàn kan dé èkejì bí okùn tí a ń sá aṣọ sí, wọ́n sì so ẹ̀ka mwani kéékèèké mọ́ ọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ka tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ á ti di ìdì ńlá tí ó ń mì lábẹ́ omi. Màmá tí wọ́n mú wa lọ bá ti dàgbà, ìdí iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì wà láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀dọ́. Mo kí wọn ní "Shikamoo", ìkíni tí ọmọdé ń kí àgbà níbẹ̀, mo sì tẹ eékún díẹ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dáhùn ní "Marahaba", wọ́n sì fa orí okùn kan lé mi lọ́wọ́. Ìka òsì wọn ń la ojú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìka ọ̀tún ń ti ẹ̀ka bọ̀ ọ́, wọ́n á fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ti di. Kí èmi tó so ẹyọ kan, wọ́n ti so márùn-ún, mo sì tún ní láti tú tèmi nítorí pé mo fún ẹ̀ka náà lọ́rùn jù.

Níbi àlàyé nípa ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti gba oríyìn lọ́wọ́ mi. Kò da ọ̀rọ̀ lé wa lórí. Ó ní kí a gbé okùn kan sókè, kí a wo ìdì mwani kan láti orí dé ìdí. Ṣónṣó àwọn ẹ̀ka tí ó kọjú sí òkè ń dán, àwọ̀ wọn sì ti ṣí díẹ̀ sí ti ìyeyè. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, tí ti òkè ṣíji bò, ṣú bí èèpo ẹ̀kùrọ́. Ó ní, "Èyí tí ó wà nínú òkùnkùn ń la ojú rẹ̀ sí i ni." Ó tọ̀nà. Ewéko tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ tó máa ń pèsè èròjà aláwọ̀ púpọ̀ sí i nínú ara rẹ̀, láti fi mú ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìran ewéko òkun pupa ni mwani Paje, bí ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀ ni ojú ń rí lára rẹ̀, èròjà phycoerythrin tí ìran náà ní sì mọ ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé mú dáadáa. Àǹfààní ńlá ni èyí nínú omi, nítorí pé omi ń gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì láàárín ìwọ̀nba mítà àkọ́kọ́, ó sì ń jẹ́ kí ti ewé àti ti aró kọjá lọ sísàlẹ̀.

Ó tún so ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ mọ́ ìrìn òkun lọ́nà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ tí òkun ń fà sẹ́yìn jìnnà, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni omi máa ń kéré jù lọ lórí oko, nígbà tí oòrùn ti ń mú. Ní ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá bá ku ìdajì, omi á pọ̀ lórí oko ní àkókò yẹn kan náà, á sì dín agbára oòrùn kù kí ó tó dé ara mwani. Nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ̀ka kan fi ń dàgbà, ọ̀sẹ̀ kan á fún un ní ìmọ́lẹ̀ àjẹyó, èyí tí ó tẹ̀ lé e á fún un ní ìwọ̀nba. Àjẹyó náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dá nọ́sìrì kòkó rí mọ ìdí tí a fi ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà lé e lórí: ewé tí ó bá gba ìmọ́lẹ̀ ju èyí tí ó lè lò lọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láti inú. Mwani kò ní àtíbàbà. Nígbà tí omi bá fẹ́lẹ́, tí ó gbóná, tí oòrùn sì le, àwọn ẹ̀ka kan á funfun, wọ́n á rọ̀, wọ́n á já bọ́ lára okùn. Ice-ice ni wọ́n ń pe àìsàn náà, àwọn kòkòrò àìfojúrí sì máa ń rí ọ̀nà wọlé nígbà tí ìnira bá ti sọ ewéko di aláìlágbára. Màmá já ẹ̀ka kan tí ó ní in fún wa. Ibi tí ó funfun náà kò ju ìwọ̀n èékánná lọ, ó dà bí ibi tí iyọ̀ gbẹ sí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó rì wọlé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti rà, ẹ̀ka náà sì gé sí méjì lọ́wọ́ mi.

Títí dé ibí yìí, màrùn-ún nínú márùn-ún ni ǹ bá fún wọn. Nígbà náà ni mo bèèrè ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi: kí ni ewéko yìí fi ń kọ́ ara rẹ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dáhùn pé oòrùn ni, pé mwani kò nílò ohunkóhun mìíràn, kò nílò ajílẹ̀, kò nílò ilẹ̀. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n kábọ̀nù ńkọ́? Ó ní bí igi ṣe ń fà á láti inú afẹ́fẹ́ ni mwani náà ń fà á, ó sì yíjú sí ẹlòmíràn. Inú mi kò dùn sí i. Oòrùn ni iná ìdáná, òtítọ́ ni, àmọ́ iná kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ìkòkò. Bí ó bá ń jó lábẹ́ ìkòkò òfìfo, ìkòkò ni yóò jó. Àwọn àlejò mẹ́jọ ni a jẹ́ ní ọjọ́ náà, ọmọ ilé-ìwé méjì sì wà láàárín wa. Èsì tí kò tọ̀nà yìí ni wọ́n gbé lọ sílé.

Igi inú igbó ń rí carbon dioxide, èròjà tí kábọ̀nù wà nínú rẹ̀, gbà nínú afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ lù ú. Mwani náà lè fà á díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ tútù bá yọ sókè omi, ṣùgbọ́n inú omi ni ó ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀, omi sì jẹ́ ahun nípa carbon dioxide: bí èròjà yìí ṣe ń tàn kálẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú omi fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 lọ́ra ju bí ó ṣe ń tàn kálẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, nígbà tí ó bá wọ inú òkun, kì í dúró bí ó ti wà. Nínú omi òkun tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ṣe kan tó; bí ó bá ṣe ń ga sí i ni kíkan náà ń dín kù) jẹ́ nǹkan bí 8.1, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo carbon dioxide tí ó yọ́ sínú rẹ̀ ni ó ti yí padà di bicarbonate, ìyẹn èròjà tí ó wà nínú bákìn sódà tí a ń fi ṣe kéèkì. Ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ carbonate tán, èyí tí ó sì ṣẹ́ kù gẹ́gẹ́ bí carbon dioxide gan-an kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Oúnjẹ kún inú àká, ṣùgbọ́n a ti ilẹ̀kùn àká náà. Ọ̀pọ̀ ewéko òkun ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, enzyme kan tí ń jẹ́ carbonic anhydrase, tí ó ń sọ bicarbonate di carbon dioxide padà lẹ́bàá ara wọn kí wọ́n lè gbé e mì. Agbára ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo wàhálà fífa kábọ̀nù jọ yìí, inú ìmọ́lẹ̀ ni agbára náà ti ń wá. Nítorí náà ni n kò ṣe lè gbà kí a sọ ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tán láìdárúkọ kábọ̀nù: ewéko tí ó wà ní òjìji kò ní owó tí yóò fi ra kọ́kọ́rọ́, èyí tí ó wà nínú oòrùn sì lè ná gbogbo kábọ̀nù àyíká rẹ̀ tán kí ọ̀sán tó pọ́n.

Mo ní ẹ̀rí rẹ̀ lápò. Olùkọ́ kẹ́místrì kì í jìnnà sí bébà pH, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà gẹ́gẹ́ bí pH omi bá ṣe rí, ìdì kékeré kan sì wà nínú àpò mi. Mo kọ́kọ́ ti bébà kan bọ omi tí ó ń ṣàn gba àárín àwọn ìlà okùn kọjá, àwọ̀ rẹ̀ sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ 8 lára àtẹ. Lẹ́yìn náà ni mo lọ síbi kòtò kan tí kò jìn ju eékún lọ, tí òkun fi sílẹ̀ nígbà tí ó ń fà sẹ́yìn, tí mwani tí ó já lára okùn àti àwọn ewéko mìíràn sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Oòrùn ti ń ta sí i láti àárọ̀. Èéfó afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ewé gbogbo bí ìlẹ̀kẹ̀, nítorí pé ọ́síjìn ń jáde lára wọn. Bébà tí mo ti bọ ibẹ̀ ṣú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ti súnmọ́ 9. Àwọn ọmọ ilé-ìwé méjèèjì sáré wá, a sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì kí gbogbo wa lè rí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ewéko inú kòtò náà ti fa kábọ̀nù inú omi wọn dé ibi tí omi fi yí padà, nítorí pé bí wọ́n bá ti ń fà á ni pH ń gòkè. Nígbà tí pH bá dé 9, carbon dioxide fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, apá ńlá nínú bicarbonate á ti di carbonate, carbonate kò sì wúlò fún mwani. Oòrùn ń ta, iná ń jó, ìkòkò ti ń gbẹ.

Ìpalára tí èyí ń ṣe fún spinosum gan-an kì í ṣe àbá lásán. Ní 1995, Matern Mtolera àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ìwádìí gbé àbájáde kan jáde lórí ewéko yìí, wọ́n sì fi hàn pé bí pH omi bá ga tí ìmọ́lẹ̀ sì le, spinosum á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè hydrogen peroxide, èròjà kan náà tí a fi ń fọ egbò, ní ìwọ̀n tí ó lè pa ewéko náà lára. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣẹlẹ̀ yé olùkọ́ kẹ́místrì. Agbára ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, kò sí kábọ̀nù tí a óò fi í kọ́ nǹkan, agbára náà á wá ara ọ́síjìn lọ, ohun tí ó ń jó ara ni ó sì ń tibẹ̀ jáde. Nígbà tí Màmá já ẹ̀ka funfun fún wa, tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà di ẹ̀bi ru oòrùn nìkan, ibi kòtò yìí ni ó yẹ kí ó mú wa lọ lẹ́yìn náà. Kò ju ìrìn ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí jù ni pé Màmá mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bèèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yan ibi tí wọ́n ń ri èèkàn sí, àlàyé wọn gùn, ọwọ́ wọn sì ń fi ọ̀nà tí omi ń gbà hàn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà túmọ̀ fún wa: "Wọ́n ní ibi tí ó dára ni." Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi túmọ̀ ìyókù. Màmá ní àwọn kì í ri èèkàn síbi tí omi bá ń sùn. Pé ibi tí omi bá ti ń fa aṣọ ni lẹ́sẹ̀ ni mwani ti ń sanra. Pé bí wọ́n bá so ẹ̀ka súnmọ́ra jù, ti ẹ̀gbẹ́ á dára, ti àárín á rù. Pé àwọn máa ń gbọn okùn kí iyanrìn àti ìdọ̀tí lè bọ́ lára rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kò bá ìmọ̀ mu. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ewéko bí awọ, tí kì í fẹ́ rìn. Inú rẹ̀ ni kábọ̀nù ní láti là kọjá kí ó tó dé ara mwani. Bí omi bá dúró, awọ yìí á nípọn, ewéko á ti jẹ èyí tí ó wà nítòsí tán, ebi á sì máa pa á láàárín òkun. Bí omi bá ń ṣàn, awọ á fẹ́lẹ́, omi tuntun tí ó gbé kábọ̀nù àti nítírójìn, oúnjẹ mìíràn tí ewéko nílò, lọ́wọ́ á máa dé. Ẹ̀ka tí a so súnmọ́ra ń ṣíji bo ara wọn, wọ́n sì tún ń dí omi lọ́nà, nítorí náà ìyà méjì ni ó ń jẹ ti àárín. Ìdọ̀tí tí wọ́n ń gbọ̀n dànù ń dí ìmọ́lẹ̀, ó sì ń dí kábọ̀nù. Ogójì ìṣẹ́jú lọ́dọ̀ obìnrin yìí ju ìwé orí mẹ́ta lọ. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún wa.

Ẹnìkan nínú wa bèèrè bóyá a kò lè da carbon dioxide sínú omi kí mwani lè yára dàgbà. Nínú àgbá tàbí adágún tí a fi ọwọ́ ṣe, ó ṣeé ṣe: wọ́n ti dán an wò lára Gracilaria, ewéko òkun pupa mìíràn, wọ́n sì rí i pé ó dàgbà kíákíá sí i nígbà tí carbon dioxide omi pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ewéko ni ó ń jàǹfààní bákan náà. Èyí tí ó bá ti mọ bicarbonate lò dáadáa lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀; èyí tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ tó kò lè fi kábọ̀nù àfikún ṣe nǹkan kan tí ó pọ̀; èyí tí nítírójìn rẹ̀ bá ti tán á dúró sójú kan láìka méjèèjì sí. Nínú ọ̀sà tí ó ṣí sílẹ̀ bíi ti Paje, ìṣàn òkun ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá ri èèkàn rẹ̀ síbi tí ó tọ́ ti bu kábọ̀nù sí oko rẹ̀.

Ìwé pélébé kan wà tí wọ́n ń pín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn, tí ó ní okùn kọ̀ọ̀kan tí àlejò bá ra lórúkọ ara rẹ̀ ń bá ayé gbé kábọ̀nù kúrò nínú afẹ́fẹ́. Mo rọ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò. Lóòótọ́ ni mwani ń fa kábọ̀nù sínú ara rẹ̀ bí ó ti ń dàgbà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wọ́n á kó o, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á tà á, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ àti ọṣẹ ìfọyín, ẹni tí ó jẹ ẹ́ á sì mí i síta. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó bá já bọ́ tí ó sì rì sí ibi jíjìn lè pẹ́ kí ó tó padà, àmọ́ ọ̀sà tí ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀ kì í ṣe ibi jíjìn. Ìdí tí ó fi yẹ kí àlejò ra okùn ni pé ó ń fi owó sọ́wọ́ obìnrin tí ó so ó. Ìdí náà tó, kò nílò àfikún.

Ọ̀rọ̀ cottonii náà tún wà. Òun ni ó ń mú owó wá ju spinosum lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń kú ní ibi tí omi kò jìn láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ooru omi sì wà lára ohun tí ó ń pa á. Dókítà Flower Msuya, onímọ̀ ewéko òkun tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ pẹ̀lú àwọn obìnrin Zanzibar, wà lára àwọn tí ó ti ń dán ọ̀gbìn rẹ̀ wò ní ibi tí omi ti jìn, tí wọ́n ń fi àwọ̀n tí ó rí bí ọ̀pá oníhò gbé e ró, kí ìṣàn omi má baà já a. Ní ibi jíjìn, omi tutù sí i, ó ń ṣàn sí i, oòrùn ọ̀sán kì í sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó gba ọkọ̀ ojú omi àti ìmọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà kò ní. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa sọ ìtàn yìí dáadáa, pẹ̀lú àánú, mo sì gbóríyìn fún un.

Ìdí tí àkókò Màmá fi kúrú ni ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan bí wákàtí kan ni a lò níbẹ̀, láàárín ọṣẹ tí wọ́n fi mwani lílọ̀ àti kànáfùrù ṣe, òróró ìpara, àti sàláàdì mwani tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti tòmátì pò, tí ó ń ró kẹ́kẹ́ lẹ́nu tí ó sì dùn. Ọṣẹ náà dára, mo ra mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò oko ni a sanwó fún, ó sì yẹ kí wọ́n yí àkókò méjèèjì padà fún ara wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ bá wọn ṣètò ọjọ́ tí òṣùpá bá kún tàbí tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ẹ yẹra fún oṣù Kẹta sí ìkarùn-ún nígbà tí òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní masika ń rọ̀, ẹ mú fìlà àti omi mímu dání, ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ fẹ́ kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí ó wà nínú oko ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ọmọ tí ó ti tó ọdún mẹ́wàá lè rìn ín. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Kí a tó kúrò, ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá bá mi ní ẹnu ọ̀nà, ó bèèrè ohun tí bébà aláwọ̀ yẹn ń sọ gan-an. Mo padà pẹ̀lú rẹ̀ dé etí omi, mo ṣe é lójú rẹ̀, òun náà sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Bébà mẹ́tàdínlógún ni ó kù nínú ìdì náà. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú àtẹ rẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e kí omi má baà dé ibẹ̀, ó sì bèèrè iye tí wọ́n ń tà á ní Nàìjíríà.